Kọ́tábáàkì Méjì àti Àgbà Tó Ń Wá Ẹni Tí Yóò Bá Òun Jiyàn

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àfaradà oòrùn Ọjà'ba. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà, bí òtútù ilẹ̀ ibí kò tilẹ̀ jẹ́ kí àyà mi kàn án. Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Ràfíátù, ẹ ní mo gbọ́ pé ariwo wọn kò tíì dínkù. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kálukú ló ki nǹkan orin bọ etí, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Tí mo bá fi máa délé, ẹ̀yin ti sùn. Èèyàn lè wà níbí láti Mọ́ńdè dé Sátidé kó má gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí mo ní láti jókòó sí ni ilé Bàbá Kẹ́nì, àgbà òyìnbó kan tí ìyàwó wọn ti kú, tí wọ́n ń gbé òdìkejì títì. Ọjọ́ tí mo bá wọn kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n pè mí wọlé wá wo bọ́ọ̀lù, ó sì di gbogbo Sọ́ńdè.

Bọ́ọ̀lù tibí kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ o, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ló ń gba bọ́ọ̀lù, tó sì ń wá ẹni tó máa jù ú sí, nígbà tí àwọn géńdé ẹgbẹ́ kejì ń rọ́ bọ̀ láti gbé e ṣánlẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú yìí ní méjì. Èyí àgbà kì í sá. Á dúró gbọn-in láàárín àwọn tó ń dáàbò bò ó, á fojú wá èèyàn, bọ́ọ̀lù á sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹni tó máa gbà á tó yíjú padà. Èyí ọ̀dọ́ kò ní sùúrù rárá. Tó bá ti rí àlàfo báyìí, ó ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó ti lọ nìyẹn. Á máa jù ú lórí eré, nígbà mìíràn síbi tí kò yẹ. Àgbà yẹn ni Bàbá Kẹ́nì fẹ́ràn. Ọ̀dọ́ yẹn ni èmi ń fẹ́ nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í bá àgbà jiyàn. Bàbá Kẹ́nì á ní kọ́tábáàkì àgbà yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe, èmi á ní: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lọ́jọ́ kan, àgbà yẹn ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá, Bàbá Kẹ́nì fìbínú ní kí wọ́n gbé ọ̀dọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kì í dá àwọn lóhùn, èmi náà kì í dá àwọn lóhùn, kí wá ni mò ń wá ṣe? Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu láti wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ti rò pé mò ń pọ́n wọn lé ni. Sọ́ńdè yẹn, mo jókòó ti fèrèsé, mò ń wo iná tẹlifíṣọ̀n wọn lódìkejì títì. Mo rántí iwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín ní Mápó, bí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù bí ẹni fẹ́ jà, tí ẹ ó sì jọ dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ó wá yé mi pé ọ̀rẹ́ ni Bàbá Kẹ́nì ń wá, wọn ò wá ọmọ.

Nígbà tí Sọ́ńdè mìíràn dé, mo lọ kanlẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ṣí i, mo ní wọ́n jẹ̀bi. Mo ní àwọn tó ń dáàbò bo kọ́tábáàkì àgbà yẹn ti fara pa tán, ta ló wá ń dúró dè? Ẹni tí ilé ń wó lé lórí, ṣé ó yẹ kó ṣì máa ronú? Bí a ṣe wọlé jókòó, wọ́n gbá apá àga, wọ́n ní mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, pé ẹsẹ̀ á rẹ ọ̀dọ́ yẹn lọ́jọ́ kan, ojú àgbà kò ní rẹ̀ láéláé. Mo ní irọ́ ni. Irọ́, Bàbá, ni mo sọ fún àgbà! A pariwo títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tán, a ò tiẹ̀ mọ ẹni tó borí. Bí mo ṣe ń dìde, wọ́n ní kí n tètè dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tán.

Mo sunkún nígbà tí mo délé. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹnì kankan kò pariwo mọ́ mi rí. Àdúrà nìkan ni gbogbo yín ń ṣe fún mi lórí fóònù, bí ẹni pé mo ti di àlejò. Tí mo bá pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí. Ohunkóhun tí ẹ bá rí. Ẹ ṣáà sọ pé mo jẹ̀bi.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ojú yín máa rí ihò abẹ́rẹ́ títí. Ẹ kí gbogbo agboolé fún mi, ẹ kí àwọn ará Oníyanrìn.

Ọmọ yín tó ń retí ìbáwí,
Múfútàù