Yàrá Aago Tí Ẹnì Kan Ṣì Ń Lò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Okun o, bí a ti ń kí ara wa nílé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Winnipeg níbí. Inú ilé ni mo ti kúnlẹ̀ o, torí bí mo bá dán an wò níta, orúnkún mi á lẹ̀ mọ́ yìnyín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ètè gbígbẹ. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tó di olórí ilé. Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá àti ìyàwó rẹ̀, ẹ kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kí Mọ́dúpẹ́, ọmọ àǹtí wa tó wà ní Ayewa, tí mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ ní Kàbà wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí. Iwájú gbogbo ẹbí ni Bàbá Kékeré ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, iwájú gbogbo ẹbí náà ni mo sì fẹ́ ti fèsì.

Ọ̀rọ̀ yàrá ni. Yàrá mi nínú ilé bàbá wa, èyí tó kángun sí ilé ìdáná, ti wà ní títì láti ìgbà tí mo ti rìnrìn àjò. Mọ́dúpẹ́ kò níbi tó máa sùn. Nílé tiwa, a kì í ṣílẹ̀kùn yàrá ẹni tí kò sí nílé láìbi í. Nítorí náà, níbi ìpàdé ẹbí, Bàbá Kékeré ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Ṣọlá pé ṣé mo ṣì ń lo yàrá náà. Ó ní bí òun kò bá gbọ́ nǹkan kan títí ọdún tuntun á fi wọlé, àwọn á kó ẹrù mi síta, yàrá á sì di ti ẹlòmíràn, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dákẹ́ lóòótọ́. Kì í ṣe ìgbéraga, Ìyá mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ni. Báwo lèèyàn ṣe ń lo yàrá tí kò sùn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló fún mi lésì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi, kọ̀ǹpútà ni mo máa ń pè é. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín tó ń ta àdìrẹ ní kí n wá bá òun wo tẹlifíṣọ̀n òun tí kò tàn mọ́. Iṣẹ́ aago gan-an ni mò ń ṣe. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní aago tirẹ̀ nínú, kò sì sí méjì tó ń lọ déédéé pọ̀. Ọ̀kan ń sáré, ìkejì ń wọ́ ẹsẹ̀. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, báńkì á ní wọ́n ti gba owó kan kí ẹni tó ni ín tó fi ránṣẹ́. Nítorí náà wọ́n kọ ètò kan tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè aago lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kárí ayé. Kì í gba ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Á bi ọ̀pọ̀ nínú wọn, á yọ òpùrọ́ àárín wọn sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ló máa ń tún ti ara rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, kì í fò lọ fìrì.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa bójú tó kóòdù ètò yìí, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, mo rò pé ìwé gbọọrọ kan ni màá bá. Ìyá mi, agbo ilé ni mo bá: fódà ni yàrá ibẹ̀, àpò tí wọ́n ń to kóòdù sí. Fódà kan wà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju orúkọ àti àdéhùn lọ, ohun tí gbogbo ará ilé gbà láti máa pe nǹkan. Kì í ṣiṣẹ́ kankan fúnra rẹ̀, àmọ́ kò sí yàrá tí kì í kọ́kọ́ kí i kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Òmíràn jẹ́ ti irinṣẹ́ àjùmọ̀lò, bí ọlọ ilé ìdáná yín: ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń wá lọ nǹkan, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ sí yàrá. Àárín ni ẹni tí kì í sùn wà, ìyẹn apá ètò tó ń ṣọ́ aago tọ̀sán-tòru. Ẹnì kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kì í sùn pé ṣé ara le.

Ẹnu yà mí. Àwọn tó kọ́ ilé yìí kò gbé ìlú kan náà, ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí, àwọn kan sì ti kú. Síbẹ̀ èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọlé, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Mo ń ṣí wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wá mú omi bọ́ lójú mi ni yàrá àwọn aago. Irú aago kọ̀ọ̀kan tí ètò yìí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ní yàrá tirẹ̀: èyí tó ń gbọ́ rédíò, èyí tó ń gbọ́ sátẹ́láìtì, kódà èyí tó ń tẹ fóònù kó tó mọ aago tó lù. Wọ́n tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún aago tí a mọ̀ pé kò péye. Ẹ kàn sọ iye tó fi ń ṣáájú, ètò á máa yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ rántí aago ògiri pálọ̀ tí bàbá wa mọ̀ọ́mọ̀ máa ń tì síwájú kí a má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la ń yọ ọ́ kúrò, a sì tún ń pẹ́ dé. Àlejò nìkan ló máa ń sáré.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀gá mi, ọmọ Íńdíà kan tí kì í pariwo, ní kí n pa ọ̀kan nínú àwọn yàrá wọ̀nyí rẹ́. Aago àtijọ́ kan ló ni ín, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá sílé, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣì ń lò ó. Àmọ́ wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀: a kì í pa yàrá rẹ́ láìbéèrè. Mo kọ ọ́ síta níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, mo ní ẹni tó bá ṣì ń lo aago yìí kó dáhùn. A dúró. Kò sẹ́ni tó fọhùn, àyàfi ẹnì kan tó ní òun rí irú rẹ̀ rí nínú ilé àkójọ ohun àtijọ́. Ọ̀gá mi ní bí wọ́n bá ti dákẹ́, wọ́n ti gbà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré dé.

Mo pa yàrá náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé tiẹ̀ fúyẹ́ sí i. Ó ku kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ni èsì kan bá wọlé. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́ láti erékùṣù kékeré kan, níbi tó ti ń wọn òjò àti afẹ́fẹ́. Ó tọrọ àforíjì pé òun pẹ́, pé íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn déédéé. Ó ní aago náà wà lára ògiri òun, aago náà nìkan ló sì ń sọ àkókò fún àwọn ẹ̀rọ òun. Kò bẹ̀ wá. Ó kàn ní ká mọ̀ pé òun wà.

Ọ̀gá mi kà á tán. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dá yàrá náà padà, ó sì kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé ẹnì kan ṣì ń lò ó. Nítorí ẹyọ ẹnì kan, Ìyá mi! Kọ̀ǹpútà tí kò níye kárí ayé á máa gbé yàrá yẹn kiri torí ọkùnrin kan tó jìnnà, tó sì pẹ́ kó tó fèsì. Mo bọ́ síta, mo dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo sunkún títí omijé fi dì mọ́ ìpéǹpéjú mi.

Ìgbà yẹn ni mo mọ èsì mi. Mo ti ń rò pé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ló ń dúró fún mi nílé. Kì í ṣe òun. Nígbà tí ilé tí mo háyà níbí bá dákẹ́ jù, tí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi bó ṣe yẹ, inú yàrá yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ: ilẹ̀kùn tó ń ké, òórùn iṣu sísun láti ọ̀dọ̀ yín, òkè tí a ń rí lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo fi ń mọ bí mo ṣe jìnnà tó. Ibẹ̀ ni mo fi ń tún ara mi ṣe.

Mọ́dúpẹ́ kò gbọdọ̀ máa wá ibi sùn nígbà tí yàrá mi wà. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un lónìí, ẹ má dúró de ọdún tuntun. Kó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ kàn má kó ẹrù mi síta, kí ẹ sì fi igun ẹ̀gbẹ́ ògiri sílẹ̀ fún ẹní mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọdún Àjíǹde á bá mi nílé.

Ẹ̀mí yín á gùn, Ìyá mi. Mi ò ní fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú wa rí ara wa láyọ̀. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, àti ará ọ̀nà Òdò-Ẹrẹ̀ tó bá béèrè mi.

Bàbá Kékeré, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ forí jì mí pé mo pẹ́. Ẹnì kan ṣì ń lò ó.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀