Èmi Ni Mò Ń Bá A Yí Jíà

Àǹtí Margaret, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá. Iná ti dé ní Fẹ́stààkì, èmi náà sì wà dáadáa.

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò yín ti ń kú. Èmi ni mò ń jókòó tì í nínú kábúkábú báyìí. Bó bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ìyàwó, jíà túù!" Èmi á yí i. Èrò kan ní, "Dẹ́rẹ́bà méjì, mọ́tò kan!" Mo rò pé ọ̀pá tí mò ń yí yẹn nìkan ni jíà, àmọ́ àbúrò yín ní àwọn irin eléyín tó ń yí ara wọn nísàlẹ̀ ni jíà gan-an.

Lánàá, ní Mazamaza, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò lè pe jíà mọ́. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ padà sípò, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kíákíá, kó lọ sọ́sípítù. Tiyín nìkan ló ń gbọ́. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Tó bá bínú sí mi, màá fara dà á.

Ìyàwó yín,
Ṣìmí