Àmì Orí Ọlá

Yàrá Òkè,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, tí o tún di àna mi,

Ikán kò jẹ pátákó tí o gbẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn wa sí. Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ tí o wá béèrè rẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí ná, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, n ó tún fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀.

Wàyí o, o kú ọjọ́ gbọọrọ. Ṣé ara le? Orúnkún tí ó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ìyàwó àti àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Àbúrò rẹ, aya mi, wà lálàáfíà. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

Àwọn tí ń darí ìwé ìròyìn náà báyìí ní kí n kọ ìtàn rẹ̀, nítorí ó ń pé àádọ́ta ọdún. Mo kọ ọ́ bí mo ti máa ń sọ ọ́: pé èmi nìkan ni mo dá a sílẹ̀, tí mo sì sọ ọ́ ní Ọlà Ọnà, nítorí ọrọ̀ ni iṣẹ́ ọnà jẹ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ. Àbúrò rẹ kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Baba wọn, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ dá oyún ẹ̀ ní ni, tẹ́ ẹ tún dá a bí?"

Mo gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ náà rántí. Yàrá kan la ní, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ké bí ewúrẹ́. Ọlá Ọnà lo sọ ọ́, kí a lè fi bu ọlá fún ọwọ́ tó ṣiṣẹ́. O gbẹ́ gbogbo lẹ́tà sódì sára igi, kí wọ́n lè tọ́ lórí bébà. Àmì orí ọlá nìkan lo gbàgbé láti yí. Bí a ti tẹ̀ ẹ́, ọlá di ọlà. O ní kí a sun gbogbo rẹ̀, kí a tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kó o fún àwọn tí ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn. Ta ni kò fẹ́ ọlà? O bínú jáde. Nínú ẹ̀dà kejì, mo yọ orúkọ rẹ.

Ìwé náà kò kú. Nígbà tí bébà wọ́n, ó tín-ín-rín. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ dé, ó ń dán. Àwọn olówó tò ó sórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ ní í ro ni. Díẹ̀díẹ̀, iye tí wọ́n ta ère là ń kọ, a kò kọ ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ́.

Mo ya ìtàn àkọ́kọ́ yẹn, mo kọ òmíràn. Olóòtú tuntun ní àwọn òǹkàwé ti mọ ti tẹ́lẹ̀, kí n má da omi rú. Mo ní, "Omi náà ti rú láti ọjọ́ tí mo ti ń bu ún fún yín mu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí kí ẹ yọ orúkọ tèmi náà." Lánàá ni ó ránṣẹ́ pé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ ló ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo gbé pátákó náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, àbúrò rẹ ní àwọn ikán wa mà láàánú lójú o. Ó ní kí n kí ọ. Bá mi kí gbogbo ilé.

Pátákó náà ló wà nínú ẹrù yìí. Mo fi í pa mọ́ nítorí ó ń jẹ́rìí takò mí. Lórí bébà, ọlà ni. Lára igi, àmì náà ṣì dúró bí o ti gbẹ́ ẹ: ọlá. Gbà á, tìrẹ ni.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì gbà mí,
Onígègé