Ìwé Tí A Gbé Sórí Pẹpẹ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Onígbòǹgbò, Ìkẹjà.
9 Oṣù Kẹwàá, 1999.

Láolú, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara le? Ṣé aya àti ọmọ wà dáadáa? Ara tiwa le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lánàá, pé wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ojú omi nítorí pé o kò yọjú síwájú ìgbìmọ̀ tó ní kí o wá wí tẹnu rẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Mo sunkún. O ní Dàwódù ọ̀rẹ́ rẹ ló gbé ìwé ìpè náà pamọ́, o sì ti fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ọ̀gá yín. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò lọ dáhùn.

Ọmọ mi, Dàwódù kò jẹ̀bi. Òótọ́ ló sọ pé èmi lòun gbé e fún, nígbà tí o wà ní ìsinmi nílé àna rẹ. O gbè mí lẹ́yìn, o ní baba rẹ kò lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Mo gbà á, mo sì dákẹ́.

Èmi àti ìyá rẹ rí òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀, a rò pé ìgbéga tí o ti ń retí ló dé. O mọ ìjọ wa: a kì í já ìwé ayọ̀ kó tó lo ọjọ́ méje lórí pẹpẹ, kí ọ̀tá má baà yí i padà. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Wòlíì Reuben ní Ẹ̀mí ní ká sọ ọ́ di mọ́kànlélógún. A ṣe àmín. Kódà, Dàwódù padà wá lọ́jọ́ kẹrin, ó ní, "Baba, ṣé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Wọ́n ń retí ẹ̀ o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Lánàá ni mo lọ já a. Ọjọ́ kẹfà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ìgbìmọ̀ jókòó. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà! Ojú ń tì mí.

A kì í jẹ̀bi alẹ́ ká tún jẹ̀bi òwúrọ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ti bọ́, ti Dàwódù kò gbọdọ̀ bọ́. Tẹjú àbúrò rẹ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè bá ọ ṣáájú ọjọ́ Ajé. Èmi náà yóò wá síwájú àwọn ọ̀gá yín. Jọ̀ọ́, má gbèjà mi níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò tu ọkàn rẹ lára, yóò ṣílẹ̀kùn mìíràn fún ọ. O kò ní fọwọ́ ara rẹ ṣe ọmọ rẹ bí mo ti ṣe ọ́.

Èmi ni baba rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Felix Ojúọlápé.

Àfikún: Ìyá rẹ kò tíì mọ̀. Àpò ìwé òfìfo ni mo dá padà sórí pẹpẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Láàárọ̀ yìí, ó ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí òun yóò sọ níjọ lórí ìgbéga rẹ. Mo kọ ọ́ fún un.