Ilẹ̀kùn Bàámi àti Àga Onítáyà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Wọ́n ní mo lé kọngilá lọ kí n lè rí owó Màámi jẹ. Irọ́ ni. Ìdí ẹ̀rọ omi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé etí ẹni tí kò mọ ojú ilé wa. Kọngilá mẹ́ta ni mo bi léèrè iye tí wọ́n máa gbà. Èyí-Tó-Kù-Dọwọ́-Mi — èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn — ló dínwó jù. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kọ iṣẹ́ tó máa ṣe sílẹ̀, ó sì fẹ́ gba gbogbo owó kó tó gbé ṣọ́bìrì. Mo ní kó máa lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màámi ṣì wà ní ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n ní ká wá mú un. Yàrá rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn. Ṣọ́ọ̀bù tí Bàámi ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà kó tó kú, ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ ló wà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ di yàrá fún un. Owó tí Màámi kó jọ nídìí aṣọ rírán ni mo ń ná. N kò gbọdọ̀ fi ṣòfò.

Ọjọ́rú, 5

Ọgbọ́n tí mo dá: bíríkìlà lọ́tọ̀, káfíńtà lọ́tọ̀, èmi ni lébìrà. Símẹ́ǹtì, èmi ni mo rà á. Bíríkìlà gba díẹ̀, ìyókù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú.

Nígbà tó la ògiri àárín pálọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù já, oòrùn gba ihò náà wọ pálọ̀. Eruku ń léfòó nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Bíríkìlà ní ilé yìí ti ń sùn tipẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Àbúrò mi obìnrin ní kí n ra ilẹ̀kùn tuntun tó fẹ̀. Mo ní rárá. Bàámi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá Màámi, lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Kí ni mo fẹ́ fi òmíràn ṣe? Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàámi, tú u. A gbé e sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé aláìsàn. Mo wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yẹn ni bíríkìlà fi mọ ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò mi ní orí mi le bí òkúta. Mo ní òkúta náà ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Oorun gbé mi lọ lórí àpò símẹ́ǹtì lọ́sàn-án. Mo lálàá Bàámi. Ó ń rìn kiri nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn kankan. Kò bínú. Ó kàn ń fọwọ́ pa ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Símẹ́ǹtì gbẹ. Owó ṣẹ́kù. Inú mi ń dùn jù.

Ọjọ́bọ̀, 13

Àbúrò mi gba àga onítáyà wá láti ọsibítù, ká lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Ó tì í dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé. A yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún — pàbó. Ilẹ̀kùn ni mo wọ̀n. N kò wọn àga.

Èyí-Tó-Kù dúró lójú títì, ó bi mí bóyá ẹnu ọ̀nà ológbò ni mo ń ṣe. Àbúrò mi kò sọ pé òun ti wí. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Owó tó kù kò tó ra ilẹ̀kùn, kó tún san owó iṣẹ́. Ọ̀la, ọ̀túnla, lọ́jọ́ kẹta Màámi á dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo lọ ká bíríkìlà mọ́lé. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í. N kò sì lówó àsantúnsan."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa po símẹ́ǹtì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Ọ̀sán, bí a ti ń mú ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i, ni káfíńtà dé. N kò ránṣẹ́ sí i. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo tábìlì iṣẹ́ Bàámi tí n kò tíì rí ojú gbé síta. Ó ní orí tábìlì yẹn ni Ọ̀gá òun ti kan ilẹ̀kùn náà. Ó ń wò mí. Mo mi orí pé kó ṣe é. Ó la pákó kan kúrò lára tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kó lè fẹ̀ sí i. Igi kan náà ni. Àpá ayùn Bàámi ṣì wà lára rẹ̀. Gbogbo ilé ń rùn bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Màámi dé. Àga wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Símẹ́ǹtì ṣì tutù, a kò tíì gbé ilẹ̀kùn kọ́. Ó fara ti ògiri. Màámi ní ká dúró. Ó nawọ́, ó ń fọwọ́ pa á lọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan àpá ayùn yẹn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ tí bàbá yín kọ́kọ́ gbé e kọ́ ni mo ti sọ fún un pé ó há. Kò gbọ́. Olóríkunkun." Ó wá yíjú sí mi. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àwọn tó dúró tì mí: àbúrò mi, tí kò sọ pé òun ti wí. Bíríkìlà, tó mọ ẹnu ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà, tí n kò ránṣẹ́ sí. Màámi. Mo fẹ́ parí kíkà níbẹ̀. Mo tún wo pákó yẹn.

Bàámi. Mo kà á mọ́ wọn.