Fọ́ọ̀mù Tó Ní Kí N Ka Ọmọ

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara wa le ní àdúgbò Talladjé níbí. Mofẹ́olúwa ọmọ mi kò wúkọ́ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má bínú pé mi ò sọ fún yín nígbà tó ń wú u.

Inú mi dùn! Ilé iṣẹ́ mi ti fẹ́ máa sanwó ìtọ́jú wa ní ọsibítù. Àmọ́ fọ́ọ̀mù wọn ní kí n kọ iye ọmọ tí mo bí. Èmi tí ẹ kìlọ̀ fún pé kí n má kà wọ́n láé! Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, Fàtímà tó ń gbà á pè mí. “Màdáámù, bí ẹ ò bá kọ ọ́, àwọn ọmọ ò ní rí káàdì gbà.” Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ kọ orúkọ wọn. Èmi tí mi ò bí wọn ni màá kà wọ́n.”

Ètò méjì ló wà. Owó tí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù mi lórí èyí tó ní ìtọ́jú aboyún ju ìkejì lọ, òun náà ni mo mú. Ẹ bá mi kí Bàbá àti Dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún wọn o.

Ọmọlará yín