Okùn Tí Olùkọ́ Sún Sẹ́yìn

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin. Ara mi le, Sharjah ò burú, ooru ẹ̀ nìkan ló pọ̀.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo ti kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ orin. Olùkọ́ ará Túrkì kan wà níbí tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gìtá ọlọ́rùn gígùn. Wọ́n máa ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn rẹ̀, kí ìka lè mọ ibi tó máa tẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà wọ̀n ọ́n, wọ́n so ó bí ìwé ṣe wí. Olùkọ́ gbà á, ó sún okùn kan sẹ́yìn díẹ̀ kí ohùn náà lè rẹlẹ̀, ó wá ta á. Bàámi, ó dùn débi pé mo dìde lórí àga mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Khalas," ìyẹn ni pé ó ti tó, "ìdánwò nìwé wà fún."

Yúnífọ́ọ̀mù aṣọ́nà mi mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kí mi tí mo bá ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ó dùn mí fún Ìyá Ojúọlá, tí ẹ yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ torí ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ ju èyí tí ẹ kọ sójú pátákó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n padà. Ipò olórí akọrin yín tí ẹ ń tọ́jú dè mí, ẹ gbé e fún àbúrò mi Fisáyọ̀. Òun kúkú wà nílé.

Ẹ bá mi kí Màámi.

Ọláwándé